Omi Pa Bàbá Rẹ̀, Òun Náà Kọ́ Bí A Ṣe Ń Lúwẹ̀ẹ́

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọ̀rọ̀ odò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àbúrò bàbá mi kan bómi lọ kí wọ́n tó bí mi. Láti ìgbà náà ni bàbá àgbà ti ṣòfin pé ọmọ kankan nínú ilé kò gbọ́dọ̀ dé etí odò. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, tí mo kàwé nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, tí mo dé ìlú òyìnbó, n kò mọ̀wẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn Alfréd Hajós fi wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ìlú Budapest ní Húngárì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1878, nínú ìdílé Júù. Arnold Guttmann lorúkọ àbísọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sínú Danube, odò ńlá tó la ìlú náà já. Ẹ gbọ́ ná: kàkà kí ọmọ yìí máa sá fómi, ńṣe ló pinnu pé òun á mọ̀wẹ̀ dáadáa. Orúkọ tó sì fi ń díje ni Hajós. Lédè wọn, atukọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tómi pa bàbá rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Atukọ̀ o!

Ní oṣù kẹrin ọdún 1896, nígbà tí wọ́n ṣe Òlímpíkì àkọ́kọ́ ti ayé òde òní ní ìlú Athens, inú òkun gan-an ni wọ́n ti lúwẹ̀ẹ́, ní Piraeus. Omi náà tutù tó nǹkan bíi 13°C. Hajós, ọmọ ọdún 18, gba ipò kìíní nínú ti mítà 100. Lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sórí ìgbì fún ti mítà 1200, pé kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ padà sétí òkun. Ó fi ọ̀rá tó nípọn pa ara nítorí òtútù. Èmi tí mò ń tọ́jú aláìsàn mọ ohun tírú omi bẹ́ẹ̀ ń ṣe: èémí á kọ́kọ́ há, tó bá yá apá àtẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìṣẹ́jú 18 àti ìṣẹ́jú àáyá 22 ló lò nínú rẹ̀, òun ló tún ṣe ipò kìíní. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé bí òun ò ṣe ní kú ló gba òun lọ́kàn ju bí òun á ṣe borí lọ.

Òun ni ọmọ Húngárì àkọ́kọ́ tó borí nínú Òlímpíkì. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló wá fi jẹun, àwòrán pápá ìṣeré tí òun àti Dezső Lauber jọ yà sì gba ipò kejì nínú ìdíje iṣẹ́ ọnà Òlímpíkì ti Paris ní 1924.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù ni ilé ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1930 lórí erékùṣù Margit. Ibo ni erékùṣù náà wà? Àárín odò Danube yẹn náà ni, odò tó gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn òmùwẹ̀ Húngárì ti ń gbára dì títí dòní, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́. Hajós kú ní 1955.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Olùkọ́ ní kí èmi náà wọlé. Mo wọlé, omi dé mi láyà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Bàbá àgbà, ẹ má bínú. Ìfẹ́ lẹ fi ṣòfin, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ tèmi mọ̀wẹ̀.