Ọ̀nà àti Àjálù: Ìgbáradì fún Ìṣẹ̀lẹ̀ Pàjáwìrì ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, 1967 sí 2023

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ewu yóò gbà yọ sí òun kò gbọdọ̀ dúró títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà. Òwe yìí ni bébà yìí fi wo ìtàn Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀nà tí ó sọ Ọ̀rẹ̀ di ìlú ńlá náà ni àjálù ń gbà wọ̀ ọ́. Pé ẹ̀yìn tí ẹ̀mí bá ti ṣòfò ni òfin ìdáàbòbò máa ń dé. Àti pé àwọn òfin náà kì í sábà dé ọ̀dọ̀ ará àdúgbò, bẹ́ẹ̀ òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀.

Ìlú oríta àti ìgbáradì àtijọ́

Ọ̀rẹ̀ ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó. Ilẹ̀ oko àti igbó ni agbègbè náà: kòkó àti ọ̀pẹ wà níbẹ̀, rọ́bà wà ní Aráròmi-Obù, igi gẹdú sì wà nínú igbó ọba tí à ń pè ní Olúwa. Ní Ọ̀rẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Èkó gba Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Bìní ti pàdé ọ̀nà tí ó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa. Oríta yìí ni ó kó èrò, ọjà àti ilé oúnjẹ jọ síbẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá kò mọ ìgbáradì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀yẹ́ bá ti dé, akéde a máa lu agogo, a sì kìlọ̀ pé kí olúkúlùkù pa iná ìdáná rẹ̀ bí ó bá ti sè tán. Àgbẹ̀ tí yóò sun oko a kọ́kọ́ ro etí oko náà yí ká kí iná má baà ré kọjá sí ti ẹlòmíràn. Àwọn ọdẹ ni ó ń ṣọ́ ìlú lóru. Bí igbe iná bá sì ta, ẹni tí yóò pọn omi mọ ara rẹ̀, ẹni tí yóò gun òrùlé mọ ara rẹ̀, ẹni tí yóò kó ọmọdé àti arúgbó jáde náà sì mọ ara rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn ṣe àkíyèsí nínú ètò yìí ni pé olúkúlùkù ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀ kí ewu tó dé. Ṣùgbọ́n ewu tí ètò náà mọ̀ ni ewu inú ìlú àti oko. Ewu tí ọ̀nà ńlá gbé dé yàtọ̀.

Ọdún 1967

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 1967. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, wọ́n gba Bìní, wọ́n sì kọrí sí ìwọ̀ oòrùn lábẹ́ Victor Banjo, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá. Kí oṣù náà tó parí wọ́n ti dé Ọ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ti Bìní ń lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn kò lè fojú fo oríta náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Murtala Muhammed gba Bìní padà.

Ìjà yìí wọ inú èdè Yorùbá. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ bá le kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn a ní, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Ṣùgbọ́n ohun tí gbólóhùn náà rántí ni bí ìjà ṣe le tó, kò sọ ohun tí ó kan ará ìlú. Ní àkókò náà, kò sí àjọ ìjọba àpapọ̀ kan tí òfin gbé iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìgbà àjálù lé lọ́wọ́. Ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà ogun ní láti gba ara rẹ̀.

Òfin tí ń tẹ̀lé àjálù

Ọ̀dá ńlá tí ó mú apá àríwá ní ọdún 1972 àti 1973 ni ó ṣáájú àjọ ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Iṣẹ́ àjọ náà kò ju pípín oúnjẹ àti aṣọ lọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀. Ìjàm̀bá ọkọ̀ tí ó ń pa ènìyàn nípakúpa lójú pópó ni ó bí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní oṣù Kejì ọdún 1988, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága àkọ́kọ́. Ní ọdún 1999 ni òfin dá àjọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NEMA sílẹ̀. Òfin náà pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ọdún 2010 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ tó wá la iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ àti àdúgbò. Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé òkè ni ètò yìí ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí àjálù ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ní Ọ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìjọba Gómìnà Rótìmí Akérédolú (2017 sí 2023) kọ́ afárá sí oríta náà kí ọkọ̀ tí ń sáré lọ sí Bìní má baà máa la àárín èrò kọjá. Iṣẹ́ tí ó wúlò ni. Ṣùgbọ́n afárá kò lè kọ́ ènìyàn ní ohun tí yóò ṣe bí táńkà epo bá dojú dé.

Oṣù Keje ọdún 2023

Ní oṣù Keje ọdún 2023, táńkà epo kan ṣubú lójú ọ̀nà Bìní sí Ṣágámù ní agbègbè Ọ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbẹ̀ láti gbọ́n epo. Iná sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ka òkú 8. Àwọn ará àdúgbò sọ pé àwọn tí ó kú ju 20 lọ.

Yorùbá ní kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ni ó gbé àwọn ènìyàn lọ bá ibi. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ kò sí nílẹ̀. Ní ọdún 1998, ní Jesse ní Ìpínlẹ̀ Delta, iná páìpù epo pa ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbọ́n epo. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, táńkà pa ènìyàn tí ó ju 150 lọ ní Majiya ní Ìpínlẹ̀ Jigawa lọ́nà kan náà. A kò lè fi ojúkòkòrò nìkan túmọ̀ rẹ̀. Òṣì wà níbẹ̀, àìmọ̀ sì wà níbẹ̀. Ooru epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó máa ń fà nílẹ̀ lọ jìnnà sí ibi tí epo dà sí, ojú kì í sì í rí i. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kan tàbí iná àdògán kan lọ́nà jíjìn ti tó láti gbé e. Omi lásán kì í sì í pa á. Ọṣẹ onífófó tí àwọn panápaná ń lò ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ìkádìí

Ìtàn tí a yẹ̀ wò yìí fi hàn pé ohun tí ó sọnù láàárín ètò àtijọ́ àti òfin òde òní ni iṣẹ́ tí olúkúlùkù mọ̀ ní tirẹ̀. Ní Ọ̀rẹ̀, àwọn tí ó ń kọ́kọ́ rí ìjàm̀bá ni ọlọ́kadà, ìyá olóúnjẹ, ẹlẹ́rù ọjà àti awakọ̀ inú gáréèjì. Bí àwọn wọ̀nyí bá mọ̀ pé nọ́ńbà 122 ni ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí 112 sì jẹ́ ti pàjáwìrì gbogbo. Bí wọ́n bá mọ̀ pé a kì í fa ẹni tí ó ṣèṣe lọ́rùn tàbí lẹ́yìn jáde nínú ọkọ̀ ní gìrìgìrì, àfi bí iná bá ń bọ̀. Bí a bá sì ti yan ẹni tí yóò lu agogo, ẹni tí yóò dá ọkọ̀ dúró àti ẹni tí yóò lé èrò sẹ́yìn, ìgbáradì ti bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ ìjọba tó dé. Agogo akéde tí ó ń kéde ọ̀yẹ́ láyé àtijọ́ kò tíì di ohun àtijọ́. Ojú ọ̀nà ńlá ni ó kù kí a gbé e lọ.