Bíríkìlà Gba Òfin, Aláró Gba Ìyìn

Ìsọ̀ aṣọ mi wà ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo, kò jìnnà sí ilé gómìnà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991 ni mo ti ń gbọ́ pé ìjọba yóò ran oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́. Aláró ni mí, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá bi mí pé ìrànlọ́wọ́ ìjọba wo ló wúlò jù fún oníṣẹ́ ọwọ́ nílùú yìí, n kò ní dárúkọ owó. Òfin 1965 lórí Igbó Ọ̀ṣun, igbó òrìṣà tó wà níbí, ni n ó dárúkọ, kì í sì í ṣe àwa aláró ni wọ́n ṣe é fún.

Ọwọ́ ìjọba kọ́kọ́ ba igbó náà jẹ́ ná. Láyé òyìnbó, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan rẹ̀, wọ́n gé igi ibẹ̀ lulẹ̀, wọ́n sì gbin tíìkì. Ọdẹ àti apẹja wọ ibi tó jẹ́ èèwọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀, olè ń jí ère gbé, ikán ń jẹ ojúbọ. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe rí nígbà tí Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Kò kó oníṣẹ́ kankan wá láti òkè òkun, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ló bá a ṣe é. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́ṣí, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí Kàsálì Àkàngbé sí. Sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri ni Àkànjí fi mọ ère, tó sì fi ṣe ọnà oníhò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ó ṣe irú ọnà bẹ́ẹ̀ sí ilé epo Esso kan nínú ìlú.

Ní 1965 ni ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kárí gbogbo hẹ́kítà 75. Nígbà tó di 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé. Òfin yẹn ò fún Àkànjí ní kọ́bọ̀, àmọ́ ó dá àwọn tó fẹ́ pín igbó náà sí puloti dúró. Òjò ń pa ère ibẹ̀, sìmẹ́ńtì ń sán, nítorí náà àtúnṣe ò tán. Níbi tí àtúnṣe ò bá ti tán, ọmọ á máa rí iṣẹ́ kọ́ lọ́wọ́ bàbá.

Ẹ wá wo àwa tí wọ́n ń tìtorí wa pe Òṣogbo ní ìlú aró. Ewé èlú la ń gún, a ó ṣù ú, a ó sá a gbẹ. A ó kó eérú sínú ìkòkò tó nihò nídìí, a ó da omi sí i, omi tó bá ro sílẹ̀ la ó fi rẹ èlú. Ó di ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣeé lò. Imú ni ìyá àgbà fi ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá yọ aṣọ nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. A ó tún rì í, a ó tún yọ ọ́, títí yóò fi dú dáadáa.

Ní 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá. Nígbà tó yá, òun àti sódà dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì gé ọjọ́ iṣẹ́ kúrú. Ní Abẹ́òkúta, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de méjèèjì. Àwọn aláró kọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ìwádìí ìjọba ní 1936. Òfin yẹn so ọwọ́ oníṣẹ́, kò sì fún un ní nǹkan mìíràn dípò. Ti Igbó Ọ̀ṣun ò dí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan lọ́wọ́. Àyè iṣẹ́ ló dáàbò bò.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ ṣeé ṣánko. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, wọ́n á wọ àdìrẹ, wọ́n á yìn wá. Mo ti gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó rí. Wọ́n ní kí n mú òṣìṣẹ́ ìjọba méjì wá ṣe onídùúró. Ibo ni aláró ti fẹ́ rí wọn? Nike Davies-Okundaye, tí kì í ṣe ìjọba, ló dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín ní 1983, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí a ti ń já èlú ti di ilé. Bí ìjọba bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kí wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ létí omi, kí wọ́n fi òfin dè é bí wọ́n ti fi de Igbó Ọ̀ṣun, kí ẹnikẹ́ni má lè tà á, ká gbin èlú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá ra aṣọ.