Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́dún Méjì Dé Òfurufú

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ẹni tó bá fẹ́ di ẹnjiníà ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba yunifásítì ńlá wọlé lọ́jọ́ kìíní. Ìtàn ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1901, ní ìlú Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, J. Stanley Brown, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama, àti William Rainey Harper, ààrẹ Yunifásítì Chicago, jọ dá ètò kan sílẹ̀: kí ọmọ tó jáde girama lè ka ọdún méjì àkọ́kọ́ ti yunifásítì nítòsí ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i? Àtìbẹ̀rẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ti jẹ́ afárá. Nígbà tí California to ètò ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀ ní 1960, ó ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn, kí ẹni tó bá sì ṣe dáadáa níbẹ̀ lè kọjá sí yunifásítì. Ó fẹ́ jọ bí àwa ṣe ń fi OND gba Direct Entry nílé.

Ẹ wo Fred Haise, ọmọ Biloxi ní Mississippi. Perkinston Junior College ló kọ́kọ́ lọ, iṣẹ́ oníròyìn ló sì ní lọ́kàn. Iṣẹ́ ológun ló sọ ọ́ di awakọ̀ òfurufú. Ní 1959, ó gboyè ẹnjiníà ọkọ̀ òfurufú ní Yunifásítì Oklahoma. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, ó wà nínú Apollo 13 nígbà tí táǹkì ọ́síjìn bú gbàmù lójú ọ̀nà òṣùpá. Òun àtàwọn méjì yòókù padà sílé láàyè.

Ṣùgbọ́n afárá ò ṣeé fò gun. Calculus ló ń ṣáájú físíìsì, físíìsì ló ń ṣáájú statics, statics ló ń ṣáájú dynamics. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e á dúró dè é. Tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, odindi ọdún kan ti lọ nìyẹn. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ ò tíì dé orí calculus náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọdún méjì lè di mẹ́ta. Èyí tó dunni jù ni iṣẹ́ téèyàn sanwó rẹ̀, tó yege nínú rẹ̀, tí yunifásítì wá ní òun ò kà á mọ́ oyè náà.

Nítorí náà, ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú yunifásítì tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ wo ohun tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá kọ́ ẹnjiníà òfurufú, kẹ́ ẹ wá tò ó padà sẹ́yìn, sáà dé sáà. Ní California, ASSIST lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fi hàn iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló dọ́gba pẹ̀lú ti yunifásítì wo.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó béèrè ọ̀nà ni kì í ṣìnà.