Ìtàn Ìlú Gẹ́gẹ́ Bí Ìpìlẹ̀ Ìpolongo Ìbò: Michael Thurmond àti Ipò Kọmíṣánnà Òṣìṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Jọ́jíà, 1998

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ kọmíṣánnà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹni tí gómìnà yàn, tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì fọwọ́ sí, ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Ìwé òfin ọdún 1999 kò fún ará ìlú ní àǹfààní láti dìbò yan irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni tí ìpínlẹ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà: ní Jọ́jíà, North Carolina, Oklahoma àti Oregon, gbogbo olùdìbò ìpínlẹ̀ ni ó ń yan kọmíṣánnà tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ní Jọ́jíà, pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni sísan owó ìrànwọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti ríran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ mìíràn.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò ìpolongo ìbò tí Michael Thurmond ṣe láti dé ipò yìí ní Jọ́jíà ní ọdún 1998. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wọlé ìbò gbogbo ìpínlẹ̀ náà láìjẹ́ pé ó ti wà lórí ipò tí ó ń dù tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan lè rò pé ọgbọ́n ìpolongo oṣù díẹ̀ ni ó gbé e wọlé. Èrò tiwa ni pé òfin tí ó yí padà ni ó ṣí ọ̀nà, iṣẹ́ tí olùdíje ti ṣe ṣáájú ni ó sì mú un rin ọ̀nà náà já.

Ìdènà tí ó wà lọ́nà

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti oko ẹrú bọ́ sì gba ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ní 1868, àwọn olùdìbò Clarke County, níbi tí ìlú Athens wà, yan aláwọ̀ dúdú méjì, Madison Davis àti Alfred Richardson, sí ilé aṣòfin Jọ́jíà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn aṣòfin aláwọ̀ funfun lé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn jáde nítorí àwọ̀ ara wọn nìkan. Richardson wà lára àwọn tí a lé. Àṣẹ ìjọba àpapọ̀ dá wọn padà ní 1870, ṣùgbọ́n àwọn jàǹdùkú Ku Klux Klan kọlu Richardson, ó sì jẹ́rìí nípa rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1871.

Nígbà tí ó yá, òfin ni wọ́n fi dí ọ̀nà. Olùdìbò gbọ́dọ̀ san owó orí. Ní 1908, wọ́n fi ìdánwò ìwé kíkà kún un. Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democratic, níbi tí a ti ń mọ ẹni tí yóò wọlé ní tòótọ́, sì wà fún aláwọ̀ funfun nìkan. Ní oṣù keje 1944, Primus King, onígbàjámọ̀ tí ó tún jẹ́ oníwàásù ní ìlú Columbus, lọ dìbò abẹ́lé náà, wọ́n sì lé e. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre. Nígbà tí yóò fi di 1946, ìdènà yẹn ti wó. Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 1965. Láìsí èyí, kò sí ìpolongo kankan tí ìbá gbé aláwọ̀ dúdú dé ipò gbogbo ìpínlẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀ olùdíje

Clarke County yìí kan náà ni a ti bí Thurmond ní 1953. Àgbẹ̀ tí ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí ó sì ń fún onílẹ̀ ní ìpín nínú irè oko, ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé ní Paine College, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Yunifásítì South Carolina. Ní 1978, ó tẹ ìwé kan jáde, *A Story Untold*, lórí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Athens. Nígbà tí ó wọ ilé aṣòfin ní 1986, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Clarke County láti ìgbà Davis àti Richardson. Òpìtàn ìlú ti di ara ìtàn tí ó kọ.

Ní 1994, gómìnà Zell Miller yàn án ṣe olórí ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó ìdílé àti ọmọdé. Ibẹ̀ ni ó ti darí ètò Work First, tí ó ń mú àwọn tí wọ́n ń gbára lé owó ìrànwọ́ ìjọba wọ ẹnu iṣẹ́. Nígbà tí ó wá ń dù ipò kọmíṣánnà òṣìṣẹ́, kì í ṣe ìlérí nìkan ni ó ní láti sọ fún olùdìbò. Ó ní iṣẹ́ tí ó lè tọ́ka sí.

Ìdìbò 1998

Ìkànìyàn ọdún 2000 fi hàn pé aláwọ̀ dúdú kò tó ìdá mẹ́ta àwọn ará Jọ́jíà. Wọ́n tó 28.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ dìbò fún ẹnìkan, ìbò wọn nìkan kò lè gbé e wọlé. Olùdíje gbọ́dọ̀ bá aláwọ̀ funfun sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì jẹ́ èyí tí ó kan tọ̀tún tòsì. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í béèrè àwọ̀ ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá 1998, Thurmond wọlé. Thurbert Baker, aláwọ̀ dúdú mìíràn tí gómìnà ti yàn ṣe agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ní 1997, wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Àtakò kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: Roy Barnes ti ẹgbẹ́ Democratic ni ó di gómìnà lọ́dún náà, aláwọ̀ dúdú sì jáde dìbò lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣé kì í ṣe agbára ẹgbẹ́ ni ó gbé Thurmond?

Agbára ẹgbẹ́ ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdìbò 2002 fi hàn pé kò tán síbẹ̀. Ní ọdún yẹn, Barnes fìdí rẹmi. Sonny Perdue di gómìnà àkọ́kọ́ láti inú ẹgbẹ́ Republican ní Jọ́jíà láti ìgbà àtúntò lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Síbẹ̀, Thurmond tún wọlé, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀kẹta ní 2006. Àwọn olùdìbò kan ti ní láti ya orúkọ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lórí oyè, ó sọ àwọn ọ́fíìsì tí a ti ń gba owó ìrànwọ́ di ibùdó ìwáṣẹ́. Ètò Georgia Works bẹ̀rẹ̀ ní 2003: ẹni tí kò níṣẹ́ yóò máa gba owó ìrànwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba bí ó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan bu ètò náà pé ó ń fún agbanisíṣẹ́ ní òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, ìjọba Ààrẹ Obama wò ó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nínú àbá rẹ̀ ní 2011. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo kọ́ ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn dé: nígbà tí Thurmond du ipò sẹ́nétọ̀ ní 2010, Johnny Isakson borí rẹ̀.

Ìkádìí

Ọgbọ̀n ọdún lé ní ọgọ́rùn-ún ni ó wà láàrin 1868 àti 1998. Ìbò gbé Richardson wọlé, ṣùgbọ́n òfin kò dáàbò bo ipò rẹ̀. Ìbò gbé Thurmond wọlé, ìpè kan kò sì lè lé e jáde mọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn bíi Primus King, tí wọn kò du ipò kankan, ni ó mú ìyàtọ̀ yìí wá.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì wà níbẹ̀ fún olùkọ́ ìtàn. Thurmond ti kọ ìtàn ìlú rẹ̀ kí ó tó béèrè ìbò lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ wádìí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣojú ìlú wọn nílé aṣòfin, ẹni tí wọ́n dínà mọ́, àti òfin tí wọ́n fi dínà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ bí a ṣe gba ẹ̀tọ́ kan yóò tètè mọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ gbà á padà.