Ta Ló Di Ìwé Kejì Mú? Láti Ilé Ìtẹ̀wé Ṣómólú dé Ìdánwò tí AI Ń Kọ

Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ó sì máa gbé wa dé ọ̀dọ̀ AI tó ń kọ ìdánwò fún wẹ́búsáìtì. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa rí i pé ọ̀nà kan náà ni.

Ṣé ẹ mọ Bajulaiye Road ní Ṣómólú? Ariwo ẹ̀rọ, òórùn íńkì, bébà rẹpẹtẹ lórí kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, pósítà ìbò: àìmọye èyí tí ẹ ń rí káàkiri Èkó, àdúgbò yìí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Nínú iṣẹ́ yìí, kí ẹ̀rọ tó tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní proof. Oníbàárà á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó kọ wá. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ olóògbé nìyí? Déètì ńkọ́? Bó bá ti fọwọ́ sí i, iṣẹ́ yá nìyẹn.

Àṣà yìí dàgbà ju Ṣómólú lọ. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, lẹ́tà irin ni àwọn atẹ̀wé ń fọwọ́ tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ilé ìtẹ̀wé ńláńlá ayé ìgbà yẹn, ẹni méjì ló sábà máa ń yẹ proof wò. Ọ̀kan á máa ka ohun tí òǹkọ̀wé kọ sókè, èkejì á máa fi ojú tọ ohun tí wọ́n tẹ̀. Ẹ di ibi yìí mú o: ìwé méjì ni. Ìwé kan sọ ohun tó yẹ kó wà, ìwé kejì sọ ohun tó wà. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò, àyẹ̀wò ti parí.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Yábàá, aládùúgbò Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ mìíràn ti gbilẹ̀. Co-Creation Hub ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ lọ́dún 2011. Andela bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní Èkó lọ́dún 2014. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg ti Facebook fúnra rẹ̀ wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Yábàá. Ohun tí wọ́n ń ṣe kì í rùn bí íńkì, àmọ́ àṣìṣe inú rẹ̀ ń jẹ owó. Èèyàn tẹ bọ́tìnnì láti sanwó, owó kúrò ní àkáǹtì, ọjà kò sì jáde. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní proof tirẹ̀.

Ó ní in. Ìdánwò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni, end-to-end test lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Kọ̀ǹpútà á ṣí búráúsà bí ẹni pé èèyàn ni, á tẹ orúkọ, á tẹ bọ́tìnnì, á sanwó, á wá wò ó bóyá ohun tó yẹ kó jáde ló jáde. Lọ́dún 2004, Jason Huggins ń ṣiṣẹ́ ní ThoughtWorks ní Chicago. Títẹ ohun kan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láti yẹ áàpù wò sú u, ló bá ṣe irinṣẹ́ tó di Selenium. Lọ́dún 2020, Microsoft gbé Playwright jáde, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Wàhálà tó kù ni pé ìdánwò ń gba àkókò láti kọ, ó sì tètè ń bàjẹ́. Ẹ sún bọ́tìnnì kan díẹ̀, ìdánwò mẹ́wàá lè wó. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í kọ ọ́. Lẹ́yìn tí ChatGPT dé ní oṣù kọkànlá 2022, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí AI bá wọn kọ ọ́. Ní oṣù kẹwàá 2025, Playwright fúnra rẹ̀ gbé aṣojú AI mẹ́ta jáde: ọ̀kan ń ṣètò ohun tí a máa dán wò, èkejì ń kọ ìdánwò, ẹ̀kẹta ń wo ìdánwò tó bàjẹ́ sàn.

Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń lò ó. Èmi ni mo ń bójú tó wẹ́búsáìtì ètò wa yìí. Mo ní kí AI kan kọ ìdánwò fún fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń forúkọ sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti kọ ọ́ tán, gbogbo rẹ̀ yọ àwọ̀ ewé: ó yege. Mo wá wo orúkọ tó fi dán an wò. John Doe! Mo ní kó lo Ṣadé àti Ọláolúwa, kó fi Ṣómólú ṣe àdírẹ́sì. Ojú ẹsẹ̀ ló yọ pupa.

Ìdí rẹ̀ rèé. Unicode ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Nínú rẹ̀, "ṣ" lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ "s" tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó fi kíbọọ̀dù kan forúkọ sílẹ̀ lè fi òmíràn wá orúkọ ara rẹ̀ kó má rí i. Ẹ sì gbọ́ ohun tí AI ní ká ṣe: ká yọ àmì kúrò nínú ìdánwò náà, kó lè yege. Mo ní rárá o. Áàpù ló ṣàìsàn, ìdánwò kọ́. Unicode ní ìlànà kan tó ń jẹ́ NFC, tó ń mú méjèèjì wá sí ìrísí kan. Inú áàpù la fi í sí, ìdánwò sì yege láìjẹ́ pé a yí orúkọ ẹnikẹ́ni padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Bí AI bá ka kóòdù, tó sì ti inú kóòdù yẹn kọ ìdánwò, ìwé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bó bá wá tún ìdánwò ṣe kó lè bá àṣìṣe mu, ó dà bí atẹ̀wé tó yí orúkọ olóògbé padà nínú ìwé oníbàárà, kó lè bá èyí tó ti tẹ̀ mu.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù, ẹ kọ́kọ́ fi èdè tí ìyá yín gbọ́ kọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tó pe AI. Ẹ fún un ní orúkọ àwọn èèyàn yín àti àdírẹ́sì àdúgbò yín. Bó bá kọ ìdánwò tán, ẹ ka ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń retí. Bó bá ní òun fẹ́ tún ọ̀kan ṣe, ẹ bi í pé: bọ́tìnnì ló sún ni, àbí òótọ́ ló fẹ́ yí padà? Ẹ jẹ́ kó sáré bó ṣe fẹ́, àmọ́ ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ di ìwé kejì mú, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí proof.

Bí ẹ bá mọ áàpù tó ń kọ orúkọ yín lódìlódì, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a máa gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó dìgbà kan ná o.