Àṣìṣe Àmọ̀ọ́mọ̀ṣe àti Àtúnṣe Rẹ̀: Ìtàn Ìrànlọ́wọ́ fún Àmì Sátẹ́láìtì lórí Omi àti ní Òfuurufú

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé nítorí kí àmì sátẹ́láìtì atọ́nà lè péye sí i nìkan ni wọ́n ṣe dá àwọn ètò tí ń ṣàtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀. Èrò yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò kárí ọ̀rọ̀. Ìtàn ètò méjì tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fi hàn pé mímọ ìgbà tí àmì náà ń purọ́ ṣe pàtàkì ju pípéye rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, 1983, ọkọ̀ òfuurufú Korean Air Lines 007 ṣìnà wọ òfuurufú Soviet Union. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ náà yin ohun ìjà lù ú, ènìyàn 269 sì kú. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Ààrẹ Reagan kéde pé GPS, tí àwọn ológun ń kọ́ lọ́wọ́, yóò wà fún ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, wọ́n fi tòsì bù nínú rẹ̀: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da àmì ti ará ìlú rú, tí àṣìṣe rẹ̀ fi lè tó nǹkan bí 100 mítà. Láàrin agbami, èyí kò tó nǹkan; lẹ́nu èbúté tóóró, ó tó láti gbé ọkọ̀ gun àpáta.

Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n fi ẹ̀rọ sí ibi tí wọ́n ti wọn ipò rẹ̀ dájú. Ẹ̀rọ náà ń fi ohun tí sátẹ́láìtì wí wé òtítọ́, ìyàtọ̀ tí ó bá rí ni ilé rédíò etíkun ń ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀. Níwọ̀n bí àṣìṣe kan náà ti ń bá ọkọ̀ tí ó wà nítòsí, yóò yọ ọ́ kúrò. Ní 1999 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún, àṣìṣe kò sì ju mítà 10 lọ mọ́. Ìjọba kan náà ni o: apá kan ń fi owó ìlú da omi rú, apá kejì ń fi owó ìlú mú un tòrò.

Ní oṣù karùn-ún, 2000, Ààrẹ Clinton pàṣẹ kí wọ́n dáwọ́ ìdàrú náà dúró. Lórí omi, àṣẹ yìí wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n máa ti àwọn ibùdó náà pa títí dé èyí tí ó kẹ́yìn ní 2020. Ní òfuurufú, òdì kejì ni ó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje, 2003, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn àṣẹ náà, ni ètò WAAS ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ omi lè pa ẹ́ńjìnnì kí ó ju ìdákọ̀ró. Bàálù tí ń sọ̀kalẹ̀ nínú ìkùukùu kò lè dúró. Bí sátẹ́láìtì kan bá bàjẹ́, awakọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ kíákíá. Nítorí náà ni àwọn ibùdó WAAS ṣe ń ṣọ́ àmì náà láti ilẹ̀, tí wọ́n ń gba ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì tí ó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè kìlọ̀ fún un láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6.

Ilẹ̀ Áfíríkà ti ń gbìyànjú irú ètò yìí. Sátẹ́láìtì Nàìjíríà, NigComSat-1R, tí wọ́n rán lọ sókè ní 2011, ni ASECNA fi bẹ̀rẹ̀ sí tan àmì ìdánwò ní 2020. Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n fi bàálù dán an wò ní Lomé. Níhìn-ín, kì í ṣe ológun ni ó ń da àmì rú. Ìpele òkè òfuurufú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ionosphere ni, tí kì í fararọ ní agbègbè yìí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ibùdó ilẹ̀ wọ̀n lè yàtọ̀ sí ohun tí bàálù bá pàdé lókè.