Jogaila Ọmọ Algirdas àti Ìdílé Ọba Tí Ó Dá Sílẹ̀ ní Pólándì

Nínú gbogbo ìdílé ọba tí ó ti ṣàkóso ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yúróòpù, bóyá ni a fi lè rí èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ya ni lẹ́nu tó ti ìdílé Jagiełło, bí àwọn ará Pólándì ṣe ń pe orúkọ Jogaila, nítorí pé a kò bí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ sí ìlú tí ó ti jọba, kò ní baba kankan nínú ibojì àwọn ọba ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì pé ogún ọjọ́ láàárín ìgbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un àti ìgbà tí wọ́n gbé adé lé e lórí. Ìyàwó ni ó fi dé orí ìtẹ́, àdéhùn ni ó sì fi dúró níbẹ̀; èrò mi sì ni pé ọ̀nà tí ó gbà wọlé yìí ni ó fún ìdílé rẹ̀ ní agbára, òun náà ni ó sì dín agbára ọba kù ní Pólándì.

Jogaila, ọmọ Algirdas, ọmọ-ọmọ Gediminas, Lituéníà ni ó ti wá, ilẹ̀ tí àwọn ìjòyè rẹ̀ ṣì ń bọ òrìṣà baba wọn nígbà tí gbogbo ọba tí ó yí wọn ká ti gba ìgbàgbọ́. Algirdas àti Kęstutis àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ pín àkóso ilẹ̀ náà, tí èkínní kọjú sí ìlà-oòrùn láti Vilnius, tí èkejì sì ń ti Trakai dènà àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin Jámánì, ìyẹn ẹgbẹ́ Teutonic, tí wọ́n fi àgbélébùú bojú tí wọ́n ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Algirdas wàjà ní 1377, ìrẹ́pọ̀ náà kò bá ọmọ rẹ̀ kalẹ́. Ní 1380 Jogaila bá àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyí mulẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí àṣírí tú, Kęstutis gba Vilnius lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1381. Ní ọdún kejì, Jogaila mú arákùnrin baba rẹ̀ yìí, ó sì fi í sí àtìmọ́lé ní ilé olódi Krėva, níbi tí wọ́n ti bá òkú rẹ̀ láìpẹ́. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Kò sí ẹ̀rí tí ó ka ikú náà sí Jogaila lọ́wọ́ ní tààrà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí ó ni àtìmọ́lé ni yóò dáhùn fún òkú inú rẹ̀. Vytautas, ọmọ Kęstutis, ni ó wọ aṣọ obìnrin tí ó fi rí ọ̀nà sá jáde.

Ní àkókò kan náà ni ìtẹ́ Pólándì ń wá ẹni. Jadwiga, ọmọbìnrin Louis ọba Húngárì, ni wọ́n dé ládé ní Kraków ní October 1384, gẹ́gẹ́ bí ọba gan-an, kì í ṣe bí aya ọba, nígbà tí kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Wọ́n ti fẹ́ ẹ sọ́nà fún William ọmọ ọba Austríà, ṣùgbọ́n Jogaila ni ó wu àwọn ìjòyè. Ní Krėva kan náà, ní 14 August 1385, Jogaila ṣèlérí pé òun àti àwọn ènìyàn òun yóò wọ Ìjọ Àgùdà, pé òun yóò san 200,000 owó wúrà fún William tí a já kulẹ̀, àti pé òun yóò so Lituéníà mọ́ Pólándì. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 15 February 1386, wọ́n sọ ọ́ ní Władysław, ó gbéyàwó ní 18 February, ó sì gbadé ní 4 March. Nínú gbogbo ìdúnàádúrà náà, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà ni ó kéré jù lọ.

Jadwiga kú ní 1399, lẹ́yìn tí ó bí ọmọ tí kò yè. Ó fi ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti fi sọ Yunifásítì Kraków jí, èyí tí ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1400. Ọkọ rẹ̀ wá di àna tí aya rẹ̀ kò sí mọ́ nínú ilé. Nítorí náà ni ó ṣe fẹ́ Anna ará Celje ní 1402, ọmọ-ọmọ Casimir Kẹta, kí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọba àtijọ́ má baà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ogun Grunwald ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Ó ti bá Vytautas parí ìjà ní 1392, ó sì ti fi àkóso Lituéníà lé e lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ sì ni a fi ń sọ̀yà. Ní 15 July 1410, àwọn ọmọ ogun Pólándì, Lituéníà, Ruthenia àti Tatar kojú ẹgbẹ́ Teutonic. Ọba kò kánjú: ó ń gbọ́ Mísà, nígbà tí àwọn ọ̀tá dúró nínú ẹ̀wù irin. Àwọn Jámánì fi idà méjì ránṣẹ́ sí i láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ulrich von Jungingen ọ̀gá wọn ti kú pẹ̀lú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn balógun rẹ̀. Síbẹ̀, ọba pẹ́ kí ó tó dé Malbork, ilé olódi wọn, odi rẹ̀ kò sì wó. Ìwọ̀nba ilẹ̀ ni àdéhùn Toruń ti 1411 fún un. Ó pa erin, kò rí eyín rẹ̀ gbé délé. Èyí tí ó jọ mí lójú ju ogun náà lọ ni ẹjọ́ tí Paweł Włodkowic, ọ̀mọ̀wé láti Kraków, lọ rò níwájú àjọ Ìjọ ní Constance, pé àìjẹ́ onígbàgbọ́ kò tó ìdí láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Láti ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ kẹrin, Sophia ará Halshany, tí ó fẹ́ ní 1422, ni ó ti rí ọmọkùnrin ní ọjọ́ ogbó rẹ̀: Władysław ní 1424, àti Kazimierz ní 1427. Níhìn-ín ni àdéhùn àkọ́kọ́ ti bí òmíràn, nítorí pé kò sí ẹ̀jẹ̀ Jadwiga tàbí ti Anna nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwọn ìjòyè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọba kọ̀ láti fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń béèrè, wọ́n yọ idà ní Łęczyca ní 1426, wọ́n sì gé ìwé tí ó gba ọmọ rẹ̀ ní àrólé wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú rẹ̀. Ó gbà níkẹyìn, ní Jedlnia ní 1430 àti ní Kraków ní 1433: ọba kò gbọdọ̀ mú ọlọ́lá kankan láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi.

Ó wàjà ní 1434. Jan Długosz akọ̀tàn, tí kò fẹ́ràn rẹ̀, sọ pé omi ni ó máa ń mu dípò ọtí, àti pé òtútù tí ó mú un níbi tí ó ti ń gbọ́ orin ẹyẹ lóru ni ó pa á.

Władysław ọmọ rẹ̀ ṣubú sójú ogun ní Varna ní 1444. Kazimierz jọba títí di 1492, mẹ́rin nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sì dé adé, tí ìdílé náà fi ń jọba ní Kraków, Vilnius, Prague àti Buda, kí àwọn Túrúkì tó ṣẹ́gun Louis Kejì, ọmọ-ọmọ Kazimierz, ní Mohács ní 1526. Sigismund Augustus, ọkùnrin ìkẹyìn nínú ìdílé náà, fi àdéhùn Lublin so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan ní 1569, ó sì kú láìbímọ ní 1572. Ní ọdún kejì, àwọn ọlọ́lá pàdé lẹ́bàá Warsaw láti dìbò yan ọba. Títí ìjọba náà sì fi parẹ́ ní 1795, kò sí ọba kan tí ó gorí ìtẹ́ yẹn láìjẹ́ pé wọ́n dìbò yàn án.